Kí Ẹ Tó Sanwó Gíà Iwájú Kẹ̀kẹ́

 

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni a fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó wa láti Post Office lọ sí Tanke o, torí bí a bá ti pe kẹ̀kẹ́ ní Ìlọrin lónìí, ìyẹn ni ọkàn gbogbo èèyàn ń lọ sí. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń wí, básíkù, èyí tí à ń fi ẹsẹ̀ wà.

Ẹjọ́ kan náà ló ti wá síwájú ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta láàrin àwọn tó ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ nínú wa àti àwọn oníbàárà wọn. Oníbàárà ra gíà iwájú, ó gbé e délé, kò bá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mu. Ó gbé e padà wá, ó ní kí wọ́n fún òun lówó òun. Ẹni tó tà á yarí, ó ní irin tí wọ́n ti fi sípánà dè, tí wáyà ti ha lára, ta ni òun fẹ́ tún tà á fún? Nínú èyí tó kẹ́yìn, ìyá àgbà kan ló rà á fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń fi kẹ̀kẹ́ lọ sílé ìwé. Owó tó yá ni ó fi rà á. Ọmọ náà fi ẹsẹ̀ rìn fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ẹgbẹ́ wá ní kí akọ̀wé lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà dé ìdí, kí n kọ ọ́ síbí. Ẹni tí kò bá lè kà á, kí ó ní kí ọmọ rẹ̀ kà á fún òun.

Òwú àti bọ́tìnì ni èmi ń tà, ṣùgbọ́n ìsọ̀ mi kò jìnnà sí ti àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Mo jókòó tì wọ́n, mo béèrè títí ọ̀rọ̀ fi sú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí gíà iwájú jẹ́. Irin kékeré ni, òkè àwo eléyín tó wà níbi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ ló máa ń wà. Ó dà bí ẹ̀mú tó lanu, ṣéènì ń gba àárín ẹnu rẹ̀ kọjá. Bí a bá fa wáyà rẹ̀ láti ọwọ́, ẹ̀mú yìí á sún síta, á ti ṣéènì láti orí àwo kékeré bọ́ sórí ńlá. Bí a bá dẹ wáyà náà, súpíríǹgì á fà á padà sínú. Kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Torí pé kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ ni àwọn èèyàn ṣe rò pé èyíkéyìí lè ṣe iṣẹ́ èkejì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Kẹ̀kẹ́ Raleigh ti àwọn bàbá wa, tí wọ́n ń ṣe ní Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwo kan ló ní níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ṣéènì kò ní ibòmíràn tó ń lọ. Bí bàbá bá dé ẹsẹ̀ òkè, á sọ̀ kalẹ̀, á máa tì í. Òmíràn nínú wọn ní gíà Sturmey-Archer, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Nottingham ní 1902, ṣùgbọ́n inú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn ni gíà náà sá pamọ́ sí. Àwọn Faransé ló fẹ́ràn kí ṣéènì máa fò láti orí àwo kan bọ́ sórí òmíràn. Ọ̀gbẹ́ni Paul de Vivie ti ìlú Saint-Étienne jà fún un gan-an nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé gíà, ti obìnrin àti arúgbó ni. Kódà nínú ìdíje Tour de France, 1937 ni wọ́n tó gba irú gíà bẹ́ẹ̀ láàyè. Lónìí, gíà tí ẹ ó bá lára kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀, orúkọ Shimano ló máa ń wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, ilé-iṣẹ́ Jàpáánì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Sakai ní 1921.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀.

Èyí tó burú jù ni òrùka tí gíà fi ń di irin mú. Irin tó gbé ìjókòó ró ni wọ́n ń dè é mọ́. Irin yìí kò nípọn bákan náà lára gbogbo kẹ̀kẹ́. Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀: mílímítà 28.6, 31.8 àti 34.9. Ta ni yóò fi ojú lásán mọ ìyàtọ̀ mílímítà 3? Àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní irin ìwọ̀n, àwa kò ní. Ṣùgbọ́n ẹ wo téèpù aránṣọ tí mò ń tà! Ẹ yí i ká irin náà bí ìgbà tí ẹ ń wọn ọrùn ọwọ́ ọmọ, ní ibi tí gíà yóò jókòó sí gan-an. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 9, òrùka 28.6 ni. Bí ó bá jẹ́ 10, 31.8 ni. Bí ó bá jẹ́ 11, 34.9 ni. Mo wọ̀n ọ́n lára kẹ̀kẹ́ tó tó mẹ́jọ, kò purọ́ fún mi rárá. Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ onírin tẹ́ẹ́rẹ́ sábà máa ń jẹ́ 9, àwọn alumíníọ̀mù tí irin wọn sanra ló máa ń jẹ́ 10 tàbí 11, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn ṣe gbẹ̀fẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n.

Òrùka kékeré kò lè di irin ńlá láéláé. Òrùka ńlá lè di irin kékeré bí a bá fi ìlàjì òrùka tí wọ́n ṣe fún un há a láàrin. Nígbà mìíràn ilé-iṣẹ́ máa ń fi í sínú páálí pẹ̀lú gíà tuntun. Àwọn kan nínú ọjà ń gé agolo mílíìkì tàbí rọ́bà túùbù wé e. Rọ́bà á rọ̀, gíà á máa yí kúrò níbi tí ẹ gbé e sí. Agolo fúyẹ́ jù, àfi kí ẹ wé e ní ìwé-ìwé bí ẹ̀kọ, kò sì ní pẹ́ tí á fi yẹ̀. Ojú tèmi ni pé ẹni tó bá ń ra ọjà sílẹ̀ láti tà, kí ó ra 34.9 pẹ̀lú ìlàjì òrùka rẹ̀ ju èyí tó kù lọ. Ẹni tó bá kó kìkì 28.6 jọ, ó ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ ìdajì àwọn oníbàárà rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ṣe bẹ́ẹ̀, owó tó fi ra báàgì kan ṣì wà nílẹ̀ nínú ìsọ̀ rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Àwọn gíà kan kò tilẹ̀ ní òrùka. Àwọn kan ń jókòó sára etí kékeré tí wọ́n jó mọ́ kẹ̀kẹ́, ti kẹ̀kẹ́ eré ìje ni púpọ̀ nínú wọn. Àwọn mìíràn ní pátákó irin tó ń há sábẹ́ ibi tí irin pẹ́dà ti ń yí. Bí kẹ̀kẹ́ kò bá ní etí yẹn, ẹ má ra oníhò yẹn, ó tán.

Lẹ́yìn òrùka ni ẹ ó wo ọ̀nà tí wáyà ń gbà. Ẹ fi ìka tọ wáyà láti ọwọ́ wá. Lára kẹ̀kẹ́ kan, á gba òkè wá, á já wálẹ̀ sórí gíà. Lára òmíràn, á gba abẹ́ lọ, á yí ká ìsàlẹ̀ ibi pẹ́dà, á tún gòkè. Gíà tí wọ́n ṣe fún òkè, bí ẹ bá fà á láti ìsàlẹ̀, kò ní gbọ́ tiyín. Àwọn kan wà tó gba méjèèjì, wọ́n ní ihò wáyà lókè àti nísàlẹ̀. Ìyẹn náà dára fún ẹni tó ń tajà.

Ẹ tún wo ibi tí òrùka wà sí ẹ̀mú. Lára àwọn kan, òrùka wà lókè, ẹ̀mú wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Lára àwọn mìíràn, òrùka rẹlẹ̀, ẹ̀mú yọ sókè jù ú lọ. Kẹ̀kẹ́ tó ní súpíríǹgì láàrin, tàbí tí wọ́n de ohun ìfi-omi-sí mọ́ irin ìjókòó rẹ̀, lè má ní àyè fún òrùka òkè. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí oníbàárà gbé kẹ̀kẹ́ wá fúnra rẹ̀, kò kí n ṣe pé kí ó fẹnu júwe.

Ó wá ku eyín kíkà. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí eyín kan, ẹ kà á yípo. Ẹ ka ti àwo ńlá, ẹ ka ti àwo kékeré, ẹ yọ kékeré kúrò nínú ńlá. Bí ńlá bá jẹ́ 48 tí kékeré sì jẹ́ 28, ó ku 20. 42 sí 22, 20 náà ni. Kẹ̀kẹ́ eré ìje alàwo méjì lè jẹ́ 50 àti 34, ó ku 16. Ẹ̀mú tí wọ́n ṣe fún 16, bí ẹ bá gbé e sórí alàwo mẹ́ta tó ku 20, bí ṣéènì bá ti wà lórí àwo kékeré, ìrù rẹ̀ á máa wọ́ lórí irin ìsàlẹ̀ ẹ̀mú, á máa ké bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Ẹ̀mú alàwo mẹ́ta yàtọ̀ lójú lásán: irin inú rẹ̀ jìn wálẹ̀ ju tòde lọ. Bí ẹ ti ń wo ìjìn náà, ẹ tún wo bí ó ṣe tẹ̀ kọdọrọ. Èyí tí wọ́n ṣe fún àwo 42 kò ní bá àwo 52 lọ dáadáa, wọn ò tẹ̀ bákan náà.

Ẹ ka àwo ẹ̀yìn pẹ̀lú, torí ṣéènì ni. Bí àwo ẹ̀yìn bá ṣe pọ̀ tó ni ṣéènì ṣe ń tẹ́ẹ́rẹ́ tó. Kẹ̀kẹ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ 6, 7 tàbí 8, ẹ lè pààrọ̀ gíà iwájú wọn láàrin ara wọn, kò sí wàhálà. 9 ṣì máa ń bá 8 ṣe. Láti 10 lọ sókè, ṣéènì ti fúyẹ́, ẹnu ẹ̀mú rẹ̀ há. Ṣéènì nípọn nínú ẹnu híhá, á máa ha. Ṣéènì tẹ́ẹ́rẹ́ nínú ẹnu fífẹ̀, ẹ ó fa ọwọ́ títí, kò ní tètè lọ.

Ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí gíà kò gbọdọ̀ gbàgbé. Èyí tó ń dún ká-ká-ká ní ìwọ̀n wáyà tó ń fà lẹ́ẹ̀kan, ti kẹ̀kẹ́ eré ìje àti ti kẹ̀kẹ́ orí òkè kì í sì í ṣe ọ̀kan náà, kódà bí Shimano bá wà lára àwọn méjèèjì. Ọwọ́ àtijọ́ tí kì í dún, tó ń lọ geere, kò bá ẹnikẹ́ni jà, gíà yòówù ló ń bá ṣe. Bí oníbàárà bá ní irú rẹ̀, kí ó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn án jù ú nù.

Tòkúnbọ̀ ni púpọ̀ nínú èyí tí à ń tà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi àtàǹpàkò tì í síta, ẹ fi sílẹ̀. Bí kò bá padà sínú kíákíá, súpíríǹgì rẹ̀ ti kú. Ẹ di ìrù ẹ̀mú mú, ẹ mì í. Bí ó bá ń jó, oríkèé rẹ̀ ti jẹ. Ìpata díẹ̀ kò burú, ẹ̀mú tó ti wọ́ ló burú.

Nígbà tí wọ́n bá ń dè é, ẹ dúró tì wọ́n. Láàrin irin òde ẹ̀mú àti orí eyín àwo ńlá, mílímítà 1 sí 3 ló yẹ kó wà. Ẹ to káàdì ATM méjì tàbí mẹ́ta lé ara wọn, ẹ kì í bọ ibẹ̀. Kí irin òde náà sì bá àwo lọ gbọọrọ. Síkúrù méjì wà lára rẹ̀, tí wọ́n kọ L àti H sí. L ni kì í jẹ́ kí ṣéènì já bọ́ sínú, H ni kì í jẹ́ kí ó fò síta. Ẹni tó bá ń fi ìró wà á, tàbí tó di ẹrù sẹ́yìn, tí ṣéènì bá fò síta mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ níwájú ọkọ̀ ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn tó ń tajà kò ní fẹ́ kí n sọ, n ó sọ ọ́. Gbogbo kẹ̀kẹ́ kọ́ ló nílò gíà iwájú. Láti 2012 tí ilé-iṣẹ́ SRAM ti Amẹ́ríkà ti gbé XX1 jáde, tó jẹ́ àwo kan ṣoṣo níwájú, púpọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ orí òkè tuntun ni kò ní in mọ́. Ọmọ tó ń wà á láàrin ìgboro, tí kò gun Òkè Sóbì, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú gíà tó bàjẹ́ náà kúrò, kí wọ́n fi ṣéènì sórí àwo àárín, gíà ẹ̀yìn á máa bá iṣẹ́ lọ. Bí ẹnì kan bá ti sọ èyí fún ìyá àgbà yẹn, ọmọ náà ì bá má fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwé, kò sì ní yáwó.

Nínú ẹjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo rò pé ẹ̀bi àwọn tiwa pọ̀ ju ti oníbàárà lọ, torí àwa la jókòó ti ọjà. Ìpàdé sì ti fẹnu kò báyìí: ẹni tó bá tà á láì wo kẹ̀kẹ́, tàbí láì gba ìwé tí oníbàárà kọ ìwọ̀n sí, yóò gbà á padà bí kò bá bá a mu. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n níwájú oníbàárà, tí àwọn méjèèjì gbà, ẹgbẹ́ kò ní gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ mọ́. Ohun tí ẹ ó kọ sínú ìwé ni: téèpù mélòó, wáyà òkè tàbí ìsàlẹ̀, òrùka lókè tàbí ó rẹlẹ̀, àwo mélòó níwájú, eyín ńlá àti kékeré, àwo mélòó lẹ́yìn, ọwọ́ tó ń dún tàbí tí kì í dún. Téèpù wà lọ́dọ̀ mi fún ẹni tí kò bá ní, ẹ wá yá a lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ ṣáà dá a padà kí ọjà tó tú.