Ère Èsìẹ́: Àlejò Ìlú àti Àkọ́kọ́ Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nàìjíríà

Ìfáàrà

Bí a bá dárúkọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún ará Oṣòdì tàbí Ìsọlọ̀, Oníkan ní erékùṣù Èkó ni ọkàn rẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ. Ọdún 1957 ni wọ́n ṣí ti Oníkan. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1945 ni wọ́n ti dá àkọ́kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà sílẹ̀ ní Èsìẹ́, ìlú Ìgbómìnà kan ní ìhà àríwá ilẹ̀ Yorùbá, tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, ìpínlẹ̀ Kwara. Ìdí tó fi jẹ́ pé ìlú kékeré ni ilé náà ti bẹ̀rẹ̀ yẹ ní àlàyé, nítorí ó kan ìbéèrè ẹni tó ni iṣẹ́ ọnà àti ẹni tí ìtọ́jú rẹ̀ tọ́ sí.

Àwọn ère náà

Ère tó wà ní Èsìẹ́ lé ní 1,000. Òkúta tó rọ̀, tó sì ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ, ni wọ́n fi gbẹ́ wọn. Àwọn kan kò ga ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àwọn mìíràn ga tó mítà kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jókòó lórí àpótí, àwọn kan sì kúnlẹ̀. A rí ọkùnrin tó mú idà dání, obìnrin tó dirun aláràbarà, àti àwọn tó di ohun èlò orin mú. Ilà hàn lójú ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí àwọn tó gbẹ́ wọn.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ọdẹ kan ló rí wọn nínú igbó, àti pé àlejò tó wá sí ìlú ni wọ́n kí wọ́n tó di òkúta. Kókó kan fara sin sínú ìtàn yìí. Ará Èsìẹ́ kò sọ pé baba ńlá àwọn ló gbẹ́ ère náà. Ipò onílé ni wọ́n fi ara wọn sí, wọ́n sì fi ère sí ipò àlejò. Nínú àṣà Yorùbá, ohun tó bá ṣe àlejò, ọwọ́ onílé ni a ti ń bèèrè. Orí èrò yìí ni ètùtù àti ọdún ère tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún dúró lé.

Bí ìjọba ṣe dé ibẹ̀

Ní ọdún 1933, H. G. Ramsay, alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ kan, fi ìròyìn àwọn ère náà tó ìjọba amúnisìn létí. Ìwé kan ń pe èyí ní àwárí, ṣùgbọ́n ohun tí ará ìlú ń bọ kò sọnù tí ẹnikẹ́ni yóò fi wá a rí. Lẹ́yìn tí Kenneth Murray di alábòójútó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1943, wọn kò kó àgbájọ ère náà lọ sí Èkó. Ibi tí ère wà ni wọ́n kọ́ ilé sí. Láti ọdún 1979 ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti ń bójú tó o.

Ewu àti ìtọ́jú

Orí ọ̀pọ̀ ère ti kán kúrò lọ́rùn, orí lásán sì rọrùn láti gbé pamọ́, ó sì rọrùn láti tà. Ní ọdún 2000, àjọ àgbáyé ti àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ICOM, fi ère Èsìẹ́ sínú àkójọ àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Áfíríkà tí olè ń dọdẹ jù lọ. Àkọsílẹ̀ ni ohun ìjà àkọ́kọ́ níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí: ère tí a ti ya fọ́tò rẹ̀, tí a sì ti wọn gíga rẹ̀, ní ẹ̀rí tí a lè fi gbà á padà. Ìwé tí Phillips Stevens tẹ̀ jáde lórí àwọn ère náà ní 1978 wúlò fún irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, àkọsílẹ̀ kì í lé olè. Ojú ará ìlú ló ń ṣọ́ ilé nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ti lọ sílé.

Ìkádìí

Ìtọ́jú oríṣi méjì ló pàdé ní Èsìẹ́: ti ìjọba, tó dúró lórí kọ́kọ́rọ́ àti ìwé, ti ará ìlú, tó dúró lórí ojúṣe onílé sí àlejò. Bí ofin ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bá sọ onílé di òǹwòran lásán, ìtọ́jú kejì yóò rẹ̀yìn, àkọ́kọ́ nìkan kò sì lè tó. Bí Oṣòdì tàbí Ìsọlọ̀ bá fẹ́ kọ́ ilé ọnà tirẹ̀ lọ́la, ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń tọ́jú tẹ́lẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí, kí wọ́n tó wá ilẹ̀ tí wọn yóò kọ́ ọ sí.