Òǹkàwé Àmì Inú Ọpọlọ: Ọ̀rọ̀ Lórí Àrùn Rett

Bí a bá kọ lẹ́tà mẹ́ta yìí, i-gb-a, sí ojú pátákó láìfi àmì ohùn sí i, akẹ́kọ̀ọ́ kan lè kà á sí igba tí í ṣe òǹkà, òmíràn sí igbá tí a fi ń bu omi, òmíràn sí ìgbà tí ń lọ tí kì í padà. Lẹ́tà kò yàtọ̀. Àmì ni ó yàtọ̀. Ohun tí ó jọ èyí ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ènìyàn, òun sì ni ẹ̀ka ìmọ̀ tí à ń pè ní epigenetics ń wádìí.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìwé ìlànà kan náà, DNA, ni ó wà nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara, ì báà ṣe ti ẹ̀dọ̀ tàbí ti ọpọlọ. Àmì tí ó wà lórí ìwé náà wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ di ọpọlọ. Èròjà kékeré kan tí ń jẹ́ methyl jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àmì wọ̀nyí. Àfiwé náà kò bára mu tán o: àmì ohùn ń yí ìtumọ̀ padà, ṣùgbọ́n methyl ń sọ bóyá kí a ka jíìnì kan sókè, kí a kà á kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, tàbí kí a fò ó.

Ṣùgbọ́n àǹfààní wo ni àmì ní bí kò bá sí ẹni tí yóò kà á? Ní 1992, Adrian Bird, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Bìrìtéènì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé àwọn rí purotéènì kan tí ń lẹ̀ mọ́ ibi tí methyl bá wà. MeCP2 ni orúkọ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ronú kan ọmọ aláìsàn nígbà náà.

Bẹ́ẹ̀ ni àìsàn náà ti wà nínú ìwé ṣáájú. Ní 1966 ni Andreas Rett, dókítà àwọn ọmọdé ní Vienna, kọ̀wé lédè Jámánì nípa àwọn ọmọbìnrin kan tí wọn kì í yé fi ọwọ́ ra ọwọ́ bí ẹni tí ń ṣanwọ́. Díẹ̀ ni ó kà á. Ìgbà tí Bengt Hagberg, ará Sweden, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa ọmọbìnrin 35 ní 1983 ni ayé tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Nǹkan bí ọ̀kan nínú 10,000 ọmọbìnrin ni ó ń mú. Bí ó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ni ó ń ba òbí lọ́kàn jẹ́ jù: ọmọ á jókòó, á rẹ́rìn-ín, á máa pe ìyá rẹ̀. Láàárín oṣù 6 sí 18, ìdàgbàsókè rẹ̀ á dúró. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ á pòórá lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní lè di nǹkan mú mọ́.

Ní 1999, àwọn olùwádìí tí Huda Zoghbi, dókítà obìnrin tí a bí ní Lebanon, ṣe olórí wọn ní Baylor College of Medicine ní Houston, rí i pé jíìnì MeCP2 ni ó bàjẹ́. Ìwé pé, àmì pé, ojú òǹkàwé ni kò ríran. Lẹ́yìn ìbí ni àmì methyl ń pọ̀ sí i nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, tí iṣẹ́ òǹkàwé sì ń wúwo. Èyí ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi ń ṣàlàyé ìdí tí àìsàn náà kì í fi í hàn lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀.

Àwọn kan tí ó gbọ́ epigenetics fìrí ti ń sọ pé gbogbo ìṣe ìyá ni ń kọ ara rẹ̀ sára ọmọ. Ọ̀rọ̀ burúkú ni èyí létí ìyá ọmọ Rett. Ìbàjẹ́ náà sábà máa ń jẹ́ tuntun, inú àtọ̀ bàbá ni ó sì ti ń wáyé jù, láìsí ìwà tàbí oúnjẹ kan tí ó fà á.

Ní 2007, àwọn ará ilé ìwádìí Bird ní Edinburgh ti jíìnì náà pa lára eku títí àìsàn fi hàn, wọ́n sì tún ṣí i. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn eku náà gbádùn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kò kú. Wọ́n ń dúró de òǹkàwé ni. Ti ènìyàn kò rọrùn bẹ́ẹ̀, nítorí bí MeCP2 bá pọ̀ jù, àìsàn mìíràn ni. Oògùn àkọ́kọ́ tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2023, trofinetide, ń dín ìnira kù, kò tún jíìnì ṣe. Ní ọdún náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán ìwòsàn tí ń fi jíìnì tí ó pé sínú ara wò.

Ní báyìí ná, olùkọ́ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wà ní kíláàsì rẹ̀ kò gbọdọ̀ rò pé àìsọ̀rọ̀ ni àìgbọ́. Ojú ni púpọ̀ nínú wọn fi ń dáhùn. Kí ó gbé àwòrán méjì síwájú rẹ̀, kí ó béèrè ọ̀kan, kí ó sì dúró, nítorí ìdáhùn náà lè pẹ́ kí ó tó dé.