Àdìrẹ Ẹ̀gbá àti Ọgbọ́n Aránṣọ
Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Nígbà tí Fọláṣadé Thomas-Fahm ti Lọ́ńdọ̀nù dé, tí ó sì ṣí ìsọ̀ aṣọ sí Èkó ní 1960, aṣọ òkèèrè ni ọ̀pọ̀ akọ̀wé kà sí ọ̀làjú. Aṣọ ìbílẹ̀, tí àdìrẹ wà lára rẹ̀, ni òun fi dárà: ìró onísíìpù, àti gèlè tí a ti wé sílẹ̀, tí a kàn ń dé bí fìlà. Irú ọ̀nà yìí ni àwọn aránṣọ òde òní ń tọ̀, bí wọ́n ti ń fi àdìrẹ rán ṣẹ́ẹ̀tì fún ọ̀dọ́ ìgboro.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ni ó ń fi ẹ̀kọ ya àrà sára aṣọ, kí aró má baà wọ ibẹ̀. Lónìí, ayédèrú tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní òkèèrè ń bá wọn dù ú lọ́jà. Bí ẹni tí ń rà á kò bá dá ojúlówó mọ̀, ìkòkò aró yóò gbẹ.