Ìbọn 1966, Ìtúúbá 1970: Bí Ọjọ́ 15 Oṣù Ṣẹ́rẹ́ Ṣe Di Ọjọ́ Àwọn Sójà

Láàárọ̀ ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ lọ́dọọdún, ààrẹ orílẹ̀-èdè wa a máa lọ sí pápá ìrántí l'Ábùjá, àwọn gómìnà náà a sì ṣe tiwọn ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ wọn. Sójà á fun fèrè, gbogbo èrò á dákẹ́ rọ́rọ́. Wọn á gbé òdòdó sílẹ̀ fún sójà tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ rẹ̀, ìbọn á dún, wọn á sì ṣí àgò kí ẹyẹlé funfun lè fò lọ. Nígbà mìíràn ẹyẹlé á kọ̀, á bà lé orí àgò, á máa wojú ààrẹ. Irú ọdún bẹ́ẹ̀, àwọn ará Facebook á rí ọ̀rọ̀ sọ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ta ni kò mọ̀ pé ọjọ́ àwọn sójà tó bógun lọ ni? Ohun tí a kì í sábà bi ara wa ni ìdí tó fi jẹ́ ọjọ́ yìí gan-an. Tí èèyàn bá ní kí n mú ọjọ́ kan tí sójà Nàìjíríà da ìlú rú jù lọ, ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ yìí kan náà ni n ó mú.

Kì í ṣe òun ni wọ́n ń lò látilẹ̀wá. Ọjọ́ 11 oṣù Bélú ni, ọjọ́ tí Ogun Àgbáyé Kìíní parí ní aago 11 àárọ̀ lọ́dún 1918. Òyìnbó ló sọ ọ́ di ọjọ́ ìrántí, àwa tí wọ́n ń ṣàkóso lé lórí sì bá wọn ṣe é. A kúkú lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Àwọn ọmọ wa bá wọn jà ní Kamẹrúùnù àti ní ìlà-oòrùn Áfíríkà nínú ogun àkọ́kọ́. Nígbà ogun Hitler, wọ́n kó ọ̀pọ̀ lọ sí Bọ́mà láti lọ dojú kọ àwọn ará Japan nínú igbó. L'Ékòó, ère tí wọ́n fi ń rántí wọn wà ní Ìdúmọ̀tà, Sójà Ìdúmọ̀tà tí àwọn ọlọ́jà fi máa ń júwe ọ̀nà fún àlejò. Ère náà ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ò tíì kúrò lẹ́nu àwọn àgbà. Lẹ́yìn òmìnira pàápàá, oṣù Bélú la ṣì ń ṣe ìrántí náà.

Ọjọ́ 15 tí mo ní sójà da ìlú rú yẹn, alẹ́ tó ṣáájú rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 14 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1966, Brigedíà Zakariya Maimalari se àpèjẹ nílé rẹ̀ n'Íkòyí nítorí ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́. Àwọn ọ̀gá sójà tó wà l'Ékòó pé síbẹ̀. Àwọn kan lára àwọn sójà tó ti di rìkíṣí láti fi ìbọn gba ìjọba náà wà níbẹ̀, wọ́n jọ jẹ, wọ́n jọ mu. Nígbà tí wọ́n padà dé lóru, ìbọn ló wà lọ́wọ́ wọn. Maimalari ráyè sá jáde nílé. Ojú títì ló wà tó fi rí Méjọ̀ Emmanuel Ifeajuna, ọmọọṣẹ́ rẹ̀ tó sún mọ́ ọn. Ó rò pé olùrànlọ́wọ́ dé ni, ó sì pè é. Ifeajuna yìnbọn fún un.

Ifeajuna yìí kì í ṣe ẹni tí ayé ò mọ̀ rí. Òun ló fò sókè gba góòlù ní Vancouver lọ́dún 1954, nínú ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà tó gba irú góòlù bẹ́ẹ̀, kó tó wá kàwé ní yunifásítì Ìbàdàn.

Lóru ọjọ́ kan náà, wọ́n gbé Olórí Ìjọba Abubakar Tafawa Balewa nílé rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n tó rí òkú rẹ̀ lẹ́bàá títì Èkó sí Abẹ́òkúta, lápá Ọ̀tà. Wọ́n pa Festus Okotie-Eboh, mínísítà ètò ìnáwó. Ní Kàdúná, àwọn tí Méjọ̀ Chukwuma Nzeogwu kó sòdí pa Ahmadu Bello, pirẹ́míà ilẹ̀ Àríwá. Wọ́n tún wọlé tọ Brigedíà Samuel Adémúlégún nínú yàrá, wọ́n pa tọkọtaya.

Ní Ìbàdàn, Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá, pirẹ́míà ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, ni wọ́n wá bá. Lọ́jọ́ 14 yẹn gan-an ló fò lọ sí Kàdúná lọ rí Ahmadu Bello, tó sì padà wálé. Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò kẹtàlá ni, kò sì jáde bí ẹni tí yóò tẹríba: ó dáná ìbọn fún àwọn sójà kí wọ́n tó pa á. Rẹ̀mí Fání-Káyọ̀dé, igbákejì rẹ̀, ni wọ́n mú lọ sí Èkó, ibẹ̀ sì làwọn sójà tí kò bá wọn lọ́wọ́ sí i ti gbà á sílẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìwọ̀-oòrùn ló jó lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà ìdìbò oṣù Ọ̀wàrà 1965 ni ilé ti ń jó, tí wọ́n ń da bẹntiróòlù sí èèyàn lára, ìyẹn wẹ́tiẹ̀. Awólọ́wọ̀ wà lẹ́wọ̀n ní Kálábà. Ó ti sú aráàlú. Síbẹ̀, ìjó yẹn kò pẹ́. Nínú ọ̀gá sójà tí wọ́n pa, Igbo kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, Arthur Unegbe. Igbo ló pọ̀ jù nínú àwọn tó dìtẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ wa Adéwálé Adémóyèga wà nínú wọn, tó sì kọ ìwé lórí rẹ̀ nígbà tó yá. Pirẹ́míà ìlà-oòrùn ò fara pa. Bí ilẹ̀ Àríwá ṣe ṣírò ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ìgbẹ̀san dé lóṣù Agẹmọ ọdún kan náà: wọ́n mú Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba ológun, pẹ̀lú Adékúnlé Fájuyì tó gbà á lálejò n'Ìbàdàn, wọ́n sì pa wọ́n. Wọ́n pa àwọn Igbo nípakúpa ní òkè Ọya. Ojukwu, gómìnà ológun ìlà-oòrùn, kéde Biafra ní orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ lọ́jọ́ 30 oṣù Èbìbí 1967, ogun sì bẹ̀rẹ̀ lóṣù Agẹmọ.

Ogun náà gbà tó ọdún méjì ààbọ̀, ebi ló sì pa ọ̀pọ̀ àwọn ọmọdé tó kú nínú rẹ̀.

Ìparí rẹ̀ kò pẹ́ rárá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1970, àwọn sójà tí Ọlúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ń darí fọ́ ìlà ogun Biafra, Owerri bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ojukwu fò lọ sí Ivory Coast, ó fi àkóso lé igbákejì rẹ̀, Philip Effiong, lọ́wọ́. Lọ́jọ́ 12, Effiong sọ̀rọ̀ lórí rédíò pé kí àwọn ọmọ ogun sọ ìbọn kalẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, òun àti Ọbásanjọ́ pàdé ní Amichi. Ṣùgbọ́n ìjọba fẹ́ kí wọ́n wá ṣe é l'Ékòó lójú gbogbo ayé. Lọ́jọ́bọ̀, ọjọ́ 15, Effiong àti àwọn tó kọ́wọ̀ọ́ rìn pẹ̀lú rẹ̀ dé Dodan Barracks níwájú Yakubu Gowon, olórí ìjọba ológun. Ẹni ọdún 44 ló ń túúbá fún ẹni ọdún 35. Effiong kì í tilẹ̀ ṣe Igbo, Ibibio ni. Ó ka ìwé náà jáde pé àwọn gba Nàìjíríà ní orílẹ̀-èdè kan, Biafra sì ti dópin. Gowon ní kò sí aṣẹ́gun, kò sí ẹni tí a ṣẹ́gun.

Ọdún mẹ́rin gééré sí ọjọ́ tí ìbọn dún nílé Akíntọ́lá. Ẹnikẹ́ni ò jókòó yan ọjọ́ náà. Ìrìn-àjò àti ìpàdé ló sún un títí tó fi bọ́ sórí 15.

Nígbà tí Nàìjíríà wá fẹ́ kúrò lórí oṣù Bélú àwọn òyìnbó, ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí ni wọ́n mú. Mi ò rò pé wọ́n ṣe àṣìṣe. Ọjọ́ tí ìbọn dákẹ́ tó ọjọ́ ìrántí. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ní ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ tiwọn, ìyẹn ọjọ́ ìbí Martin Luther King lọ́dún 1929, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé ìsinmi rẹ̀ sí ọjọ́ Ajé kẹta oṣù náà kí òṣìṣẹ́ lè sinmi dáadáa. Tiwa kì í yẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òdòdó ìjọba fi ń bọ́ sí àárọ̀ kan náà tí ẹbí Akíntọ́lá, ẹbí Balewa àti ẹbí Adémúlégún ń ṣe ìrántí tiwọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le fún mi nìyẹn. Sójà ni Adémúlégún. Sójà ni Maimalari, Shodeinde, Kur Mohammed, Pam, Largema àti Unegbe. Àwọn sójà ẹgbẹ́ wọn ló pa wọ́n, lọ́jọ́ tó padà di ọjọ́ ọlá sójà, ṣùgbọ́n ìparí ogun ni àlàyé ìjọba máa ń dá lé. Nzeogwu ńkọ́? Ẹ̀gbẹ́ Biafra ló kú sí lóṣù Agẹmọ 1967, síbẹ̀ Gowon ní kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sí Kàdúná, wọ́n sì sin ín ní ìsìnkú ọ̀gá sójà.

Àwọn tó jagun fún Biafra tí wọn ò kú kò rí tiwọn gbà kíá bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni wọ́n lé dànù kúrò níṣẹ́ ológun. Ọgbọ̀n ọdún gbáko kọjá lé Dodan Barracks kí ìjọba tó sọ ìlédànù yẹn di ìfẹ̀yìntì, lóṣù Èbìbí ọdún 2000. Effiong ṣì wà láàyè nígbà náà. Ọdún 2003 ló kú. Ààrẹ tó yí ìlédànù náà padà ni Ọbásanjọ́, ẹni tó lọ pàdé Effiong ní Amichi.