Kí Ni Ìsọ̀ Yín Ń Sọ Fún Oníbàárà?

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, aṣọ kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń tà. Kí wá ni oníbàárà á fi mọ ìsọ̀ tiyín yàtọ̀? Ohun tójú rẹ̀ bá rí nínú ìsọ̀ ni.

Ẹ wo Ìyá Níkẹ̀ẹ́ Davies-Okundaye, aláàdìrẹ. Ògìdì ní ìpínlẹ̀ Kogi ni wọ́n bí wọn sí ní 1951, kò kúkú jìnnà sí wa. Wọ́n dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983, wọ́n tún ní òmíràn ní Lẹ́kí l'Ékòó. Ẹni tó bá wọ ti Lẹ́kí, iṣẹ́ ọwọ́ ló máa rí lára ògiri, látìsàlẹ̀ dókè. Àwọn fúnra wọn, àdìrẹ ni wọ́n ń wọ̀, pẹ̀lú gèlè gàgàrà. Wọn ò tíì lanu tí àlejò ti mọ iṣẹ́ wọn.

Ẹ ó ní olówó ni wọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí aṣọ òkè lẹ ń tà, ẹ gbé òwú àti igi tí a fi ń hun ún síbi tí ojú á ti tó o. Ẹ gbé fọ́tò ìyá tó kọ́ yín lówò kọ́ sára ògiri. Kàlẹ́ńdà olóṣèlú ọjọ́sí yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́. Ìtàn tiẹ̀ ló ń sọ, kì í ṣe tiyín.

Àmọ́ ẹ má gbé igi ìhunṣọ síwájú aṣọ tí ẹ̀rọ hun o. Oníbàárà á fọwọ́ kàn án, á mọ̀, kò sì ní padà wá. Ẹ to ti ẹ̀rọ sọ́tọ̀, kí ẹ sì pè é ní iye tirẹ̀.