Owó Àṣìṣe ní Ọjà Ben Thanh

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti bi mí pé kí ni ojú mi rí ní ilẹ̀ Vietnam tí mo lọ ní oṣù kọkànlá ọdún 2023. Mo ti ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ fún àwọn tí a jọ ń kírun, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó yẹ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́, nítorí pé ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi níbẹ̀ tí ó kan gbogbo ẹni tí ó bá ń fi ọwọ́ gba ṣéńjì.

Òwò ni ó gbé mi lọ. Kajú ni mo ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, tí mo ń kó o fún àwọn tí ń fi í ránṣẹ́ sí òkè òkun. Púpọ̀ nínú kajú tí ń jáde ní ilẹ̀ wa, Vietnam ni ó ń lọ. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ́ ọ, tí wọ́n ń bó o, tí wọ́n sì ń tà á fún gbogbo àgbáyé. Kò sí orílẹ̀-èdè tí ó ń ta kóró kajú tó wọn. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kan, Àlàájì ará Ìbàdàn tí òun náà ń ṣe òwò yìí, ni a jọ lọ. Nígbà tí a parí ohun tí a bá lọ ní ọjọ́ Àlàmísì, ó ku ọjọ́ kan gbáko kí ọkọ̀ òfurufú wa tó gbéra. Àlàájì ní kí a má jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì bí ẹni tí ń ṣọ́ ẹrù, kí a san owó, kí a bá àwọn arìnrìn-àjò tí ń wo ìlú kiri lọ. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe sanwó ọjọ́ kan: òwúrọ̀ fún ìlú, ọ̀sán fún àwọn ihò abẹ́ ilẹ̀ Cu Chi tí àwọn jagunjagun wọn gbẹ́ nígbà ogun.

ÌLÚ ALÙPÙPÙ

Ho Chi Minh ni orúkọ ìlú náà. Saigon ni ó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1976 ni ìjọba yí orúkọ rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìlú fúnra wọn ṣì ń pè é ní Saigon. Àwọn tí ń gbé ibẹ̀ nígbà tí a lọ ju mílíọ̀nù 9 lọ, alùpùpù wọn sì ju mílíọ̀nù 7 lọ. Ẹni tí ó bá rò pé òun ti rí ọ̀kadà ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó kò tíì rí nǹkan kan. Baba, ìyá àti ọmọ méjì ni ẹ ó rí lórí ẹyọ kan. Ẹlòmíràn gbé àgò adìyẹ, ẹlòmíràn di ẹrù títí a kò fi rí orí ẹni tí ó ń wà á.

Amọ̀nà wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó gbọ́ èdè òyìnbó dáadáa, kọ́ wa bí a ti ń sọdá títì níbẹ̀. Ó ní kí a máa rìn díẹ̀díẹ̀, kí a má sáré, kí a má dúró lójijì, kí a má sì padà sẹ́yìn. Àwọn alùpùpù yóò pín sí ọ̀tún àti òsì lára wa bí omi odò ti ń pín lára òkúta. Àlàájì di ọwọ́ mi mú, ó ń ka Àyátù Kúrúsíyù títí a fi dé òdìkejì. Mo rẹ́rìn-ín sí i, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà sì ń kà á nínú.

Àwa méjìlá ni a wà nínú bọ́ọ̀sì náà. Àwọn kan wá láti Màlésíà, àwọn kan láti Íńdíà, àwọn kan láti Ọsirélíà. Ààfin Òmìnira ni a kọ́kọ́ dé, níbi tí ààrẹ apá Gúúsù Vietnam ń gbé nígbà tí orílẹ̀-èdè náà ṣì pín sí méjì. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1975, àwọn ọkọ̀ ogun onírin ti apá Àríwá fọ́ ẹnu géètì ààfin náà wọlé, ogun sì parí. Láti ibẹ̀ ni a lọ sí ilé tí wọ́n kó ìyókù ohun ogun sí. Níbẹ̀ ni ariwo ẹnu wa ti dákẹ́. A rí àwòrán àwọn ọmọ tí a bí ní aláàbọ̀ ara nítorí oògùn olóró tí ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà fọ́n sórí igbó àti oko wọn láàrin 1962 sí 1971. Àlàájì, tí ó jẹ́ ọmọdé nígbà ogun abẹ́lé tiwa ní 1967 sí 1970, kò sọ̀rọ̀ kankan títí a fi jáde.

A wo ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí àwọn Faransé parí ní 1880, tí wọ́n kó bíríkì rẹ̀ láti ilẹ̀ Faransé wá, àti ilé ìfìwéránṣẹ́ tí wọ́n parí ní 1891, tí ènìyàn ṣì lè fi lẹ́tà ránṣẹ́ níbẹ̀ dòní. Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀sì gbé wa dé ọjà Ben Thanh.

NÍNÚ ỌJÀ

Ẹ̀yin oníṣòwò, kí n má purọ́, ní ọjà yìí ni ara mi ti balẹ̀. Ní 1914 ni wọ́n ṣí i. Agogo ńlá wà lókè ẹnu ọ̀nà rẹ̀, òrùlé kan ṣoṣo ni ó bo gbogbo rẹ̀, ìsọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ sì ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Aṣọ, bàtà, kọfí, ẹja gbígbẹ, èso oríṣiríṣi, kò sí ohun tí wọn kì í tà. Bí ẹ bá ti ń kọjá ni wọn yóò máa di apá yín mú, gẹ́gẹ́ bí àwọn tiwa ti ń ṣe. Wọn kò gbọ́ èdè wa, a kò gbọ́ tiwọn. Ẹ̀rọ ìṣirò kékeré ni wọ́n fi ń náà ọjà. Ẹni tí ń tà yóò tẹ iye rẹ̀, yóò nà án sí ọ, ìwọ náà yóò tẹ tìrẹ, yóò ké bí ẹni pé o gún un lábẹ́rẹ́, ẹ ó sì máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi pàdé.

Mo dé ibi tí wọ́n ti ń ta kóró kajú. Mo dúró, mo ń wò ó. Èyí tí a ń rù ní àpò-àpò lẹ́bàá ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó funfun, tí ó ń dán, tí ó wà nínú ọ̀rá dáradára yìí! Ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ ni ó ń tà á. Ó tẹ 400,000 fún kílò kan, a náà á títí ó fi gbà ní 280,000.

Kí ẹnu má yà yín sí iye náà. Dong ni owó wọn, 500,000 rẹ̀ kò jìnnà sí dọ́là 20 ti Amẹ́ríkà nígbà náà. Owó ọ̀rá ni púpọ̀ nínú rẹ̀, àwòrán ojú Ho Chi Minh ni ó wà lára gbogbo wọn, òdo rẹ̀ sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú àlejò fi ń ṣe bàìbàì. Èyí tí ó burú jù ni pé 20,000 àti 500,000 jọ ní àwọ̀ búlúù.

Mo fún ọmọbìnrin náà ní 300,000. Bí ó ti ń wá ṣéńjì ni amọ̀nà ń gbé àsíá rẹ̀ sókè pé kí a yára. Ọmọ náà na owó ẹyọ kan sí mi, mo kì í bọ àpò, mo sì sáré tẹ̀lé àwọn ẹgbẹ́ mi. Èmi tí mo ti ń tajà láti kékeré, n kò wo ṣéńjì ọwọ́ mi.

ÌRUN JÍMỌ̀

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọjọ́ náà. Amọ̀nà fún wa ní àyè láti jẹun, ó ní bọ́ọ̀sì yóò gbéra lọ sí Cu Chi ní agogo kan ààbọ̀. Àlàájì ní kí a sinmi. Ó rán mi létí ohun tí àwọn àlùfáà kọ́ wa, pé Jímọ̀ kò di dandan fún arìnrìn-àjò, pé a lè gé ìrun kúrú kí a sì kó Àìlà àti Àlásárì pọ̀. Òtítọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n àwọn ará Màlésíà tí a jọ wà nínú bọ́ọ̀sì ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, mo ní kí a tẹ̀ lé wọn, ó sì gbà.

Mọ́ṣáláṣí náà wà ní òpópó Dong Du. Àwọn Mùsùlùmí tí ó wá láti gúúsù Íńdíà ni wọ́n kọ́ ọ ní 1935. Ilé gíga-gíga yí i ká, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti bọ́ bàtà tí ẹ wọlé, ariwo alùpùpù yóò fà sẹ́yìn, àgbàlá tútù yóò gbà yín, omi àlùwàlá sì wà níbẹ̀. Àwọn ará Indonéṣíà, Pakísítánì àti Íńdíà wà níbẹ̀, àti àwọn Cham, tí í ṣe ọmọ onílẹ̀. Àwọn Cham yìí ní ìjọba tiwọn rí, Champa ni orúkọ rẹ̀; àwọn Vietnam gba olú ìlú wọn ní 1471. N kò gbọ́ gbogbo ohun tí a sọ nínú ìwáásù, ṣùgbọ́n nígbà tí lèmọ́mù ké Allahu Akbar, mo mọ ibi tí mo wà.

Nígbà tí a sálámà tán, mo ki ọwọ́ bọ àpò láti fi ṣéńjì ọjà ṣe sàráà. Mo fẹ́ jù ú sínú àpótí ni ojú mi bá là. Mo ka òdo rẹ̀. Ó pé márùn-ún. 500,000 ni ọmọ náà fún mi dípò 20,000! Mo san 300,000, mo gba kajú kílò kan, mo sì tún gba owó tí ó ju èyí tí mo san lọ.

Mo fi han Àlàájì. Ó wò ó, ó ní: "Àbúrò mi, o kò jí i. Òun ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún ọ. Bí ọkàn rẹ kò bá gbà á, jù ú sínú àpótí yìí kí Ọlọ́run kọ láádá rẹ̀ fún ọmọ náà."

Mo ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè fi owó olówó ṣe sàráà?"

Ó ní: "Agogo kan ti kọjá. A ti sanwó Cu Chi, wọn kò ní dá a padà. Ta ni yóò rí ìsọ̀ kan nínú ẹgbẹ̀rún?"

Ẹ̀yin ará, n kò fẹ́ ṣe bí ẹni mímọ́ lójú yín. Mo dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, mo ń ronú. Mo fẹ́ rí ihò náà púpọ̀, n kò sì mọ̀ bóyá n ó tún dé ibẹ̀ mọ́ láyé. Ṣùgbọ́n mo rántí ìtàn Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a. Nígbà tí ó ń sá kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mẹ̀dínà, tí àwọn ará ìlú fẹ́ pa á, ó fi Ali sílẹ̀ láti dá àmánà àwọn ènìyàn padà fún wọn. Ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu kò gbé owó olówó sá lọ. Èmi yóò ha torí ìran wíwò gbé e lọ?

Mo ní kí Àlàájì máa lọ pẹ̀lú bọ́ọ̀sì. Mo rìn padà sí ọjà nínú oòrùn. Mo dá títì sọdá ní èmi nìkan, kò sí ọwọ́ ẹni kankan tí mo dì mú.

ỌMỌ ỌJÀ

Mo yí ọjà náà po, ìsọ̀ kajú kò sì jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ó pẹ́ kí n tó rí i. Nígbà tí mo máa débẹ̀, ìyá àgbà kan wà níbẹ̀, owó wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń tú u, ó ń tún un kà, ó sì ń sọ̀rọ̀ líle. Ọmọbìnrin náà dúró, ó sorí kọ́, ojú rẹ̀ pọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tí ń bá yín tajà, kò sí ẹni tí ó ní láti túmọ̀ èyí fún yín. Owó ti dín.

Mo gbé ẹ̀rọ ìṣirò wọn, mo tẹ 300,000, mo fi ọwọ́ ara mi hàn. Mo tẹ 280,000, mo fi ọwọ́ kan kajú. Lẹ́yìn náà mo yọ 500,000 náà, mo gbé e sílẹ̀. Ìyá náà mú un, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ wò, bí èmi náà ìbá ti ṣe. Ó wo ọmọ náà, ó wò mí, ó yọ 20,000 fún mi. Ó wá sọ ohun kan fún ọmọ náà pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, ọmọ náà sì jókòó sílẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ojú. Ìyá náà bu kajú ẹ̀kúnwọ́ kan fún mi, ó kọ̀, kò gba owó rẹ̀. Mo jẹ ẹ́ bí mo ti ń lọ.

Mo tún yà sí òpópó Dong Du, mo fi 20,000 náà sínú àpótí. Èyí ni tèmi.

Ní alẹ́, Àlàájì dé láti Cu Chi, erùpẹ̀ bo ṣòkòtò rẹ̀. Ó ròyìn bí òun ti rá wọ inú ihò, ó ní mo pàdánù. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí a ra omi ní pápá ọkọ̀ òfurufú, mo rí i tí ó yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ó ń ka òdo ara ṣéńjì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin ará, ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹ ka owó yín lójú ẹni tí ó fún yín. Kì í ṣe àìfọkàntánni, ààbò ni fún ẹ̀yin àti òun. Bí owó bá sì dín lọ́wọ́ ọmọ tí ń bá yín tajà, ẹ má tètè pè é ní olè, bóyá inú àpò oníbàárà kan ni ó wà. Súrà kan wà nínú Àlùkùránì tí a fi àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù sọ lórúkọ. Ẹni tí ó mọ̀ pé ṣéńjì lé tí ó dákẹ́, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá òun kò sí nínú wọn. Ọwọ́ àwọn oníṣòwò àti àwọn àlùfáà ni ẹ̀sìn yìí fi dé ilẹ̀ Yorùbá, ọwọ́ àwọn oníṣòwò náà ni ó fi tàn ká etí òkun Éṣíà. Bí a ti ń tajà ni àwọn tí kò mọ Ìsìláàmù fi ń mọ̀ ọ́n.

Kí Ọlọ́run fi òwò tí ó mọ́ bọ́ wa. Àmín.