Kí A Tó Kun Kọ́bọ́ọ̀dù Àtijọ́

 Ọ̀rọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná la mú wá lọ́tẹ̀ yìí.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní in, yálà nílé wa ní Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, tàbí ní fúláàtì tí àwọn ọmọ wa háyà n'Íbàdàn. Èéfín àti epo ti sọ ọ́ di dúdú, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń bó. Pákó sì ti wọ́n. Bí igi rẹ̀ bá ṣì le, ọ̀dà lè sọ ọ́ di ọ̀tun. Ṣùgbọ́n bí ikán bá ti jẹ ẹ́, ẹ má náwó ọ̀dà lé e lórí, káfíńtà ni kí ẹ pè. Ẹni tó bá háyà ilé, kó kọ́kọ́ sọ fún onílé.

Fífọ̀ ló ṣáájú, nítorí ọ̀dà kì í lẹ̀ mọ́ epo. Ẹ tú ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ kó ìṣó sínú agolo kó má bàa sọnù. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi omi lásán ṣàn án, kó gbẹ. Lẹ́yìn náà lẹ ó fi sándípépà ha á, kí ọ̀dà tuntun lè dì í mú.

Ibi tí ewu wà nìyí, ẹ fara balẹ̀ o. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, òjé tí àwọn olórìṣà Ọbàtálá fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ yẹn náà ni. Wọ́n ń fi í sínú ọ̀dà kí àwọ̀ rẹ̀ lè mú, pàápàá pupa àti ìyeyè, kó sì lè tètè gbẹ. Bí a bá ha á ní gbígbẹ, eruku á bà sórí oúnjẹ àti ilẹ̀, ọmọ tó ń rákò á fọwọ́ kó o sẹ́nu. Òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, kò sì dáa fún aboyún. Ẹ rántí Zamfara lọ́dún 2010: ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ ló kú nítorí eruku òjé, nígbà tí wọ́n ń lọ òkúta góòlù láàárín ilé. Tiwọn pọ̀ ju ti ọ̀dà lọ, ṣùgbọ́n òjé kan náà ni. Amẹ́ríkà ti fòfin de ọ̀dà olójé nínú ilé gbígbé láti 1978. Ní tiwa, òfin NAFDAC ọdún 2021 ní kí òjé inú ọ̀dà má ju ìdá 90 nínú mílíọ̀nù kan lọ.

Nítorí náà, ẹ máa fi omi rin ín bí ẹ ti ń ha á. Ìta ni kí ẹ ti ṣe é, ẹ tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, ẹ bo imú, kí ọmọdé àti aboyún jìnnà. Ẹ má gbá eruku rẹ̀, aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún. Ẹ̀yin olóúnjẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pákó ọlọ́dà dáná láéláé.

Ẹ kọ́kọ́ fi ọ́ńdákóòtù kùn ún. Bó bá gbẹ, ẹ fi gúlọ́ọ̀sì kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, torí èyí tó bá nípọn á ṣàn. Ọ̀dà olómi tí a fi ń kun ògiri kì í pẹ́ lára kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ ka ara agolo, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ sí i pé kò ní òjé. Ẹ má ra èyí tí wọ́n rọ sínú ike tí kò lórúkọ. Ẹ má sì fi pẹtiróòlù là á nítòsí iná.

Ní Òkè-Ògùn wa níbí, ìgbà tó dára jù ni ìgbà tí òjò bá ti dá tí ọyẹ́ kò tí ì le. Lásìkò òjò, ọ̀dà kì í tètè gbẹ. Lásìkò ọyẹ́, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má kó èlùbọ́ àti gààrí padà síbẹ̀ títí òórùn ọ̀dà yóò fi tán, torí wọ́n máa ń fa òórùn.

Ajé á wọgbá wa o. Àṣẹ.